Ọmọ-ẹ̀yìn láti Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta: bí a ṣe ń tọ Jésù lẹ́yìn ní Àbújá

Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá fi ń pe àwọn tó ń bá Jésù rìn ni ọmọ-ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ààyè rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣíwájú kì í ṣe ọmọ-ẹ̀yìn mọ́, ẹni tó bá sì jókòó kò tọ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Lúùkù 9:23 fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí a sábà máa ń fò: ojoojúmọ́. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí ìsìn Ọjọ́ Àìkú àti ẹ̀kọ́ Bíbélì àárín ọ̀sẹ̀ bá gba márùn-ún, 163 ló kù, inú mótò, ọ́fíìsì, ọjà àti ilé la sì ti ń lò ó. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún wákàtí wọ̀nyẹn, fún àwa Yorùbá tí a ń gbé Àbújá àti àyíká rẹ̀, láti Kubwa dé Lugbe, láti Nyanya dé Mararaba tó ti bọ́ sí ilẹ̀ Nasarawa.

Ìpinnu ńlá tí a ṣe níbi ìsọjí kì í sábà pẹ́. Èyí tó ń pẹ́ ni ohun kékeré tó ní wákàtí tirẹ̀, tí ẹnì kan sì máa bi wá léèrè bóyá a ṣe é.

Àsìkò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò

Lúùkù 14:28 ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀ ná. Ẹ ṣírò àsìkò yín bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ ìgbà tí ẹ jí sílẹ̀, ìgbà tí ẹ jáde, ìgbà tí ẹ dé ibi iṣẹ́, ìgbà tí ẹ wọlé, àti ìgbà tí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lálẹ́ nígbà tí ẹ bá ti gbàgbé ìdajì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a gbé àdúrà aago márùn-ún àárọ̀ tí àwọn òbí wa ń gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Iléṣà wá síbí bó ṣe wà. Ní aago márùn-ún, ẹni tó ń gbé Mararaba ti wà ní ibùdókọ̀, torí bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya kò ní jẹ́ kó tètè dé. Bó bá ní òun á máa jí ní aago mẹ́ta àbọ̀, á ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin, oorun á sì gba tirẹ̀ padà. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Wákàtí tó yàn ni kò bá ìlú mu.

Fún òṣìṣẹ́ ìjọba, àsìkò tó dájú jù ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ṣáájú aago mẹ́jọ. Ẹni tó tètè jáde nílé nítorí ọ̀nà ti máa ń wà ní ọ́fíìsì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, fóònù ló sì máa ń fi àsìkò náà wò. Oníṣòwò Wuse tàbí Utako lè lo ìṣẹ́jú tó ṣáájú kó tó tú ọjà síta. Ìyá tó ní ọmọ kéékèèké lè dúró dìgbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ilé-ìwé. Ibi kan náà, àga kan náà, aago kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Májẹ̀mú Tuntun ní orí 260. Ọ̀sẹ̀ 52 nínú ọdún, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, 260 náà nìyẹn. Orí kan lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa parí rẹ̀ lọ́dún kan, ọjọ́ méjì á sì ṣẹ́ kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún Sáàmù tàbí Òwe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Máàkù, orí 16 ni, òun ló kúrú jù nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 28, kẹ́ ẹ tó wá ka Jákọ́bù, orí 5. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nìyẹn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì sábà máa ń dúró sí Léfítíkù.

Ẹ ka orí náà lẹ́ẹ̀kan láìdúró. Ẹ tún un kà pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ wá kọ gbólóhùn méjì péré sínú ìwé kékeré kan: ohun tí Jésù ṣe tàbí sọ níbẹ̀, àti ohun tí ìyẹn ń béèrè lọ́wọ́ yín lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbólóhùn kejì yẹn ló ṣòro, òun náà sì ni ẹni tó ń kánjú máa ń fò. Ẹ fi méjèèjì gbàdúrà, ó ti tó.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ò lè kàwé, ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá tí wọ́n kà sílẹ̀ wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́; kó gbà á sílẹ̀ láti ilé kó tó jáde. Ẹni tó ń wọ takisí kó má yọ fóònù, kó má sì pajú dé gbàdúrà láàrin àwọn èrò tí kò mọ̀, nítorí àwọn “one chance”. Kó kọ ẹsẹ kan sórí bébà pélébé, kó máa wò ó lójú ọ̀nà. Ìṣọ́ra kò tako àdúrà: Jésù fúnra rẹ̀ ní ká máa ṣọ́nà ká sì máa gbàdúrà.

Bí ọjọ́ mẹ́ta bá fò, ẹ má san gbèsè. Orí mẹ́ta á di mẹ́fà, mẹ́fà á di mẹ́wàá, ẹ ó sì máa wo Bíbélì bíi ẹni tó rí olówó rẹ̀ lókèèrè. Ẹ ka ti òní. Bí ó bá ń dùn yín, ẹ fi méjì kún un lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Alábàárìn

Máàkù 6:7 ní méjì-méjì ni Jésù rán wọn jáde. Kò rán ẹnikẹ́ni nìkan. Bí nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa mú ṣe nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ ó máa rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Kó má jẹ́ ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, kó má jẹ́ ẹni tí ẹ jẹ lówó tàbí tó jẹ yín, torí ẹ ò ní lè sọ òótọ́ fún un. Kó jẹ́ ẹni tí ọ̀nà yín papọ̀: ará Kubwa àti ará Lugbe lè fẹ́ràn ara wọn gan-an, ọ̀nà ni kò ní jẹ́ kí wọ́n pàdé tó ìgbà mẹ́rin. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ wà nínú ìjọ kan náà. Ará Áńgílíkà àti ará CAC lè jọ ka Máàkù láìjiyàn lórí aṣọ àdúrà. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, Tiv tàbí Gbagyi tàbí Ígbò, èrè ni, torí ohun tí Yorùbá máa ń fi òwe bò mọ́lẹ̀, ó lè béèrè rẹ̀ gbangba.

Ẹ fún un ní wákàtí kan. Àárọ̀ Ọjọ́rú, aago 6:45 sí 7:45 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, sábà máa ń dúró ju ìrọ̀lẹ́ lọ, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá máa ń pe ìpàdé òjijì. Ìpàdé náà rọ́pò kíkà tiyín lọ́jọ́ yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìlérí ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ṣé ẹ ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ fi ogún ìṣẹ́jú ka orí méjì nínú Máàkù sókè, kẹ́ ẹ máa gbà á lẹ́nu ara yín. Ogún ìṣẹ́jú mìíràn fún ìbéèrè mẹ́ta: kí ni Jésù ṣe níbí, èwo nínú rẹ̀ ló ṣòro fún mi láti gbà, kí ni màá ṣe kó tó di Ọjọ́rú tó ń bọ̀? Ẹ fi mẹ́wàá tó kù gbàdúrà lórí ìlérí náà gan-an. Orí méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Máàkù ti parí.

Ìlérí ni ọkàn gbogbo rẹ̀, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀. “Màá túbọ̀ ní sùúrù” kì í ṣe ìlérí, torí kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ẹ mú un ṣẹ. “Lọ́jọ́ Ẹtì, kí n tó jẹun alẹ́, màá pe àbúrò mi ní Òṣogbo, màá sì sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn” ni ìlérí. Ó ní ọjọ́, ó ní orúkọ, ó ní ìṣe. Bí ìlérí yín kò bá ṣeé dáhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó dìde.

Wàhálà tó sì jẹ́ ti Yorùbá gan-an ni ti ọjọ́ orí. Àbúrò kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n kó ní “Ṣé ẹ ṣe ohun tí ẹ sọ?” Ẹnu rẹ̀ á wúwo, á rẹ́rìn-ín, á yí ọ̀rọ̀ sí ti iná mànàmáná, ìpàdé á di ìbẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n ló gbọ́dọ̀ tú okùn yìí, àbúrò kò lè tú u. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ jáde: “Mo fún ọ láyè láti bi mí, mi ò ní kà á sí àfojúdi.” Lẹ́yìn náà, òun ni yóò máa kọ́kọ́ dáhùn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àbúrò á béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n rán yín létí ọ̀rọ̀ àna yín.” Bí ẹ̀gbọ́n bá bínú lẹ́ẹ̀kan péré sí ìbéèrè yìí, àbúrò kò ní béèrè mọ́ láé.

Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde, àní gẹ́gẹ́ bí “kókó àdúrà” ní ìjọ. Ohun kan ṣoṣo ló yọ sílẹ̀: bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu, tàbí bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé. Ìyẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè dá a dúró, kẹ́ ẹ sì sọ èyí fún ara yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí ìrìnàjò bá gbé ẹnì kan lọ, ẹ fi fóònù sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ìlérí nìkan. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í rọ́pò rẹ̀, nítorí èèyàn lè pa á rẹ́ kó tún un sọ títí tí òótọ́ inú rẹ̀ á fi tán.

Múdù, rìsíìtì, àti omi

Nígbà tí àwọn èèyàn bi Jòhánù Oníbatisí pé kí ni kí àwọn ṣe, kò sọ̀rọ̀ àdúrà fún àwọn agbowó-òde. Ó ní kí wọ́n má gbà ju iye tí a pa láṣẹ (Lúùkù 3:13). Owó ni ibi tí ìgbọ́ràn ti máa ń hàn, tàbí tó ti máa ń bọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta gàárì, ìrẹsì, ẹ̀wà: Léfítíkù 19:35 àti 36 ti sọ̀rọ̀ nípa múdù yín, ìyẹn abọ́ tí ẹ fi ń wọn ọjà. Ẹ gbé múdù yín àti ti ẹlòmíràn tí ẹ mọ̀ pé kò lábùkù, ẹ fi ìrẹsì kan náà kún méjèèjì, ẹ rẹ́ ojú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n. Bí tiyín bá fúyẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń lù ú wọnú ni, tàbí kí wọ́n gé etí rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi nǹkan há inú rẹ̀. Múdù tí wọ́n ti lù, ẹ má ta á fún ẹlòmíràn, ẹ má sì fi wọn ọjà mọ́. Ohun tó ń mú kí oníṣòwò padà sídìí èyí tí wọ́n lù ni pé múdù pípé máa ń mú kí owó ọjà rẹ̀ dà bíi pé ó wọ́n ju ti ìsọ̀ kejì. Ẹ má bá wọn díje nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ fi múdù méjèèjì sórí tábìlì, kẹ́ ẹ da ti èké sínú ti òtítọ́ níṣojú oníbàárà kó rí ibi tó mọ. Oṣù àkọ́kọ́ máa le. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà ló máa ń kọ́kọ́ padà wá, nítorí wọ́n mọ iye àwo tí múdù kan yẹ kó bù.

Ní ọ́fíìsì, ibi mẹ́ta ni ká ṣọ́. Rìsíìtì òfìfo tí ọlọ́jà fún yín kẹ́ ẹ fúnra yín kọ iye sí i: ẹ má gbà á, kó kọ iye tí ẹ san níṣojú yín. Owó ìrìnàjò tí wọ́n ń pè ní DTA: bí wọ́n bá fún yín ní ti ọjọ́ mẹ́rin lọ sí Kàdúná, tí ẹ sì padà lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ méjì tó kù kì í ṣe tiyín. Ìwé wíwọlé àárọ̀: ẹ má bá ẹnikẹ́ni buwọ́ lù ú, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe é. Ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣubú níbí ni pé wọn kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu nígbà tí ó bá dé. Ẹ kọ́ ọ lẹ́nu nílé: “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ má bínú, sà, iye tí a ná gan-an ni mo lè kọ.” Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Ẹ má wàásù fún ọ̀gá, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin yàtọ̀ sí wọn.

Ti èyí tí ẹ ti gbà sẹ́yìn ńkọ́? Sákéù ní òun á dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Númérì 5:7 ní kí a dá gbogbo rẹ̀ padà, ká fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e: ₦40,000 á di ₦48,000. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún alábàárìn yín, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mọ ẹni tí owó náà jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Bí kò bá sí lápapọ̀, ẹ pín in sí oṣù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá lè dé ilé-ẹjọ́, ẹ bá olùṣọ́-àgùntàn yín àti agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ìgbésẹ̀, kì í ṣe láti sá, bí kò ṣe kí ó lè di títúnṣe lọ́nà tó tọ́. Ìdámẹ́wàá kò lè fọ owó yìí mọ́.

Ọmọ Haúsá tó ń ti omi kiri àdúgbò, mai ruwa, òun náà wà nínú ìjíhìn wa. Diutarónómì 24:15 ní kí owó alágbàṣe má sùn lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, ẹ sanwó kó tó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má sọ pé “ó di ọ̀la” nítorí ṣéńjì. Ẹ máa tọ́jú owó kéékèèké sínú agolo lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ kí i ní “Sannu da aiki”, á dáhùn “Yauwa, sannu”. Mẹ́gáàdì náà bẹ́ẹ̀, àti ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé: owó oṣù tiwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ bí owó oṣù yín bá ti wọlé, kẹ́ ẹ tó yọ ti ara yín.

Aládùúgbò, àti ohun tí a ń fi ránṣẹ́

Yorùbá kò nílò ẹ̀kọ́ púpọ̀ lórí gbígbé pẹ̀lú Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ wa ló ní Alájì nínú ẹbí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún wọn nínú Ramadan, ẹ jẹ́ kó dé kí oòrùn tó wọ̀, kẹ́ ẹ fi “Barka da shan ruwa” kí wọn bí wọ́n bá ti ṣínu. Kó má sí ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọtí nínú ìkòkò yẹn. Ẹ má fi oúnjẹ náà dẹ wọ́n. Ẹ gbé e lọ nítorí pé aládùúgbò ni wọ́n. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ẹ gbà gbọ́, ẹ sọ ohun tí Jésù jẹ́ fún yín láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, kẹ́ ẹ má bu ẹnu àtẹ́ lu tiwọn. Bí ẹ bá ń ṣe ìṣọ́ òru nínú ilé, ẹ pa ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọlọ́run kò jìnnà.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tó ń pa èèyàn ní Àríwá ni ìròyìn tí a fi ránṣẹ́ láìwádìí. Ẹ́kísódù 23:1 kọ̀ fún wa láti gbé ìròyìn èké kiri, “bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí mi ni mo ṣe fi ránṣẹ́” kò sì yọ wá. Tí àwòrán òkú tàbí ilé tó ń jó bá wọlé pé Kàdúná tàbí Jos ti gbóná, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ béèrè: ta ló fojú rí i, ọjọ́ wo, àdúgbò wo? Àwòrán ọdún pípẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò padà. Ẹ pe ẹnì kan tó ń gbé ibẹ̀. Bí kò bá gbé fóònù, ẹ dúró. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ẹ pa á rẹ́, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ẹ kọ ohun tó lè ran èèyàn lọ́wọ́ nìkan: ọ̀nà wo ni kí wọ́n má gbà, ibo ni wọ́n ti nílò ẹ̀jẹ̀. Ẹ yọ orúkọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ti fi èké ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ padà sínú ẹgbẹ́ kan náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé èké ni, ẹ̀yin lẹ gbé e wá.

Ilé

Àdúrà ẹbí kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá bá wà níbẹ̀. Gbígùn rẹ̀ ló sábà ń pa á. Àwọn ọmọ wa ní Àbújá sábà máa ń ka Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ. Kí ọmọ ka ẹsẹ náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí òbí ka kan náà ní Yorùbá, kí gbogbo ilé sì mọ ẹsẹ kan lórí ní Yorùbá lọ́sẹ̀. Odindi Bíbélì Yorùbá ti wà láti ọdún 1884, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Ó dùn wá pé ọmọ Yorùbá á máa gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi ìsìnkú bàbá àgbà.

Bí ẹ bá ti jágbe mọ́ ọmọ láìtọ́, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sùn, pẹ̀lú orúkọ ohun tí ẹ ṣe: “Mo pariwo mọ́ ẹ nítorí pé ó ti rẹ̀ mí, ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi.” Kò ní dín ọ̀wọ̀ yín kù.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ bá pé

Ẹ̀yin méjèèjì kò ní jókòó ti ara yín títí láé. Tìmótì Kejì 2:2 ka ìran mẹ́rin: Pọ́ọ̀lù, Tìmótì, àwọn olóòótọ́ èèyàn, àti àwọn ẹlòmíràn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín wá ẹni kan mìíràn, kẹ́ ẹ sì máa rí ara yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ má wá ẹni tó mọ Bíbélì jù. Ẹ wá ẹni tó máa ń tètè dé, tí kì í sì í purọ́ lórí ohun kékeré. Ẹ sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, kó má bàa rò pé ẹ fẹ́ gbà á sí ìjọ yín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má bi í léèrè nípa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí Máàkù orí kìn-ín-ní, ẹ ní kó ka ẹsẹ 14 sí 20, níbi tí Jésù ti pe àwọn apẹja lẹ́bàá òkun Gálílì, kẹ́ ẹ wá sọ ìlérí tiyín fún un ṣáájú tirẹ̀.